Arínúróde Pàdé Ìkookò

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni. Èmi Kareem télọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ irọ́, Agbọ́hùn-mọkàn, ẹni tó ń rí inú ẹyin láìfọ́ ọ.

Eré kan la máa ń ṣe lórí fóònù nínú ẹgbẹ́ wa. Fóònù á yan ẹnì kan ní ìkookò ní bòńkẹ́lẹ́, àwa yòókù á jẹ́ ará ilé. A ó jiyàn, a ó dìbò, ẹni tí ìbò bá mú á jáde. Tó bá wá ku ìkookò àti ẹnì kan ṣoṣo, ìkookò ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

Èmi kì í da ara mi láàmú. Ìkíni ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá kí mi dáadáa, ọmọ ilé ire ni. Ẹni tó bá kàn já lu ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ tó wọlé onílé, ìkookò ni, ẹ lé e jáde! Mo ṣe fóìsì nóòtì ẹ̀kọ́ yìí fún gbogbo ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ fi ìdíje yan adájọ́ àgbà eré náà, mo mọ̀ pé oyè mi dé. Mo rán fìlà, mo fi òwú wúrà kọ ARÍNÚRÓDE síwájú rẹ̀.

Zulaikha ìyàwó mi, tí òun náà ń ṣe eré yìí, wo fìlà náà títí. "Bàbá Israfil, Ọlọ́run nìkan ló ń jẹ́ orúkọ yìí."

"Ọlọ́run ò bínú sí mi."

"Kò tíì rí fìlà yín ni."

Ní Sátidé, a wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìdíje náà. Gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò Under G kún fọ́fọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, fóònù lọ́wọ́ kálukú. Eré bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n lé ẹni tí kò kí mi. Mo ní kí wọ́n lé ẹni tó ní "ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Ará ilé làwọn méjèèjì. Mo ní àṣìṣe díẹ̀ ò ba ọgbọ́n jẹ́.

Àwọn yòókù ń jáde níkọ̀ọ̀kan, ó wá ku èmi, Zulaikha, àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yẹolúwa. Zulaikha dìbò ta ko Ẹ̀yẹolúwa. Ẹ̀yẹolúwa dìbò ta ko Zulaikha. Ó ku tèmi.

"Bàbá Israfil, ọmọ yìí ni," ìyàwó mi wí. "Látàárọ̀, kò sọ nǹkan kan nípa eré. Ó kàn ń kí yín ṣáá ni."

Ẹ gbọ́ àfojúdi! Kò tiẹ̀ kí mi kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yẹolúwa ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìnàjò sà. Ẹ kú làákàyè. Ẹ kú fìlà tuntun."

Fìlà tuntun! Orí mi wú débi pé fìlà ọ̀hún fẹ́ má gbà á mọ́. Mo dìde dúró. "Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò mọ ìkíni, kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ni ìkookò!" Mo tẹ orúkọ Zulaikha.

Gbogbo fóònù dún lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán ìkookò yọ, orúkọ Ẹ̀yẹolúwa wà lábẹ́ rẹ̀. Gbọ̀ngàn hó yèè.

"Ẹ má bínú sà," ọmọ náà wí, ó ṣì kúnlẹ̀. "Fóìsì nóòtì yín ni mo tẹ̀ lé. Mo gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mátíù, alága ẹgbẹ́, ṣí fìlà lórí mi, ó gbé e fún Zulaikha. "Ẹni tó sọ òótọ́ ló ni oyè." Zulaikha yí inú fìlà síta kí orúkọ yẹn má hàn, ó wá dé e lé ìbòrí rẹ̀.

Ojú tì mí. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni bí Zulaikha ṣe wò mí. Obìnrin tó ń bo àṣírí mi látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, òun ni mo pè ní ìkookò lójú ayé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Zulaikha mi, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú sùúrù. Ẹ kú oríire oyè o." N kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ó wò mí nílẹ̀, ó kọjú sáwọn èrò. "Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí mi? Ìkookò nìyí. Ẹ dìbò!"

Gbogbo gbọ̀ngàn nawọ́ sókè. Ọwọ́ Ẹ̀yẹolúwa ló kọ́kọ́ lọ sókè.