Kọ̀ǹpútà Tó Mú Kí Òkú Màmá Oníbúrẹ́dì Làágùn

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé "Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, pàápàá bí ẹ bá rí géńdé ọkùnrin tí kò lè la igi. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ fún mi pé òwe yẹn ti wà kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà, kó lọ sọ ìtàn tirẹ̀ níbòmíràn. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Obìnrin kan wà ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ, torí ojú ṣì ń ti àwọn ọmọ ibẹ̀. Màmá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Láti ìgbà omidan ló ti ń yan búrẹ́dì, ooru ààrò sì ti jó irun ọwọ́ rẹ̀ tán pátápátá. Nígbà tí àìsàn dá a wólẹ̀, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Mosúnmọ́lá àti Gbádébọ̀ tó jẹ́ àbúrò Mosúnmọ́lá lọ́kùnrin. Ìyá Àkẹ́, ẹ̀gbọ́n Màmá, náà wà níbẹ̀.

Màmá ní, "Ooru ayé yìí ti tó mi. Bí mo bá kú, ẹ má gbé mi lọ sílé òkú láàárín àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ tẹ́ mi sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kí ẹ tan ẹ́ẹ̀sì amúlétutù tí mo fowó ara mi rà, kí n tutù títí ẹ ó fi sin mí. Kí àwọn èèyàn sì rí ojú mi kí ẹ tó dé pósí."

Àwọn ọmọ sunkún, wọ́n ṣèlérí. Ọjọ́ Ajé ni Màmá kú. Àwọn tó ń tọ́jú òkú wá, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní bí yàrá bá ṣáà ti tutù, kò séwu títí di ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n fẹ́ sin ín. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ilé, ẹ́ẹ̀sì ń fẹ́, yàrá tutù débi pé ẹni tó bá wọlé á máa wá aṣọ ìbora. Mosúnmọ́lá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, n kì bá tí rí nǹkan kan sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ wà nílé. Iṣẹ́ fídíò ni Gbádébọ̀ ń ṣe, ẹ sì mọ̀ pé lóde òní, wọn kì í sin ìyá àgbà láìṣe fídíò ìgbésí ayé rẹ̀. Wọ́n á gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá síta, àwọn àlejò á máa jẹun, wọ́n á máa wo òkú bó ṣe ń jó. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á parí kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Gbádébọ̀ ní rárá o, òun ò ní fi ẹ̀rọ arúgbó ṣe fídíò ìyá òun. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó ní ìyá òun ló kú, kí wọ́n fún òun ní èyí tó lágbára jù lọ tí òun máa fi ṣe fídíò rẹ̀.

Ẹni tó ń tà á gbé e jáde. Ó ní, "Ọ̀gá mi, èyí nìyí. Kò síṣẹ́ tí ọpọlọ ẹ̀ ò lè ṣe. Àmọ́ ó ń jẹ iná o, ó sì máa ń gbóná gidi. Ẹ wò ó, ibi tí ẹ ti lè dín iná tó ń jẹ kù nìyí. Bí ẹ bá dín in kù, eré tó máa pàdánù ò tó nǹkan. Eré díẹ̀ tó máa pàdánù yẹn gan-an ló ń jẹ iná jù."

Gbádébọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n ra kìnnìún tán, kí n wá yọ eyín ẹ̀ ni?"

"Ó ti yé mi, ọ̀gá. Kí Ọlọ́run tù yín nínú."

Ó gbé e dé yàrá rẹ̀, ó tàn án. Ẹ̀rọ náà ń hó bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Kí ó tó pẹ́, yàrá ti gbóná. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bó bá gbóná kọjá ààlà, fúnra rẹ̀ ló máa ń dín eré kù kó má baà jóná, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Gbádébọ̀ gbé fáànù sí i, kò gbọ́. Ó bọ́ èwù, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé ìhòòhò rẹ̀ ló máa tu ẹ̀rọ lára. Ni ọgbọ́n burúkú kan bá sọ sí i lọ́kàn: yàrá kan ṣoṣo ló tutù nínú ilé.

Ó gbé kọ̀ǹpútà wọ yàrá òkú.

"Gbádébọ̀, kí nìyẹn?" Mosúnmọ́lá bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó ń gbóná ni."

"Màmá la tan ẹ́ẹ̀sì yìí fún."

"Fídíò Màmá náà ni mò ń ṣe! Àbí ti ta ni?"

Ẹkún ti gba agbára Mosúnmọ́lá, kò lè jà. Gbádébọ̀ gbé ẹ̀rọ sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ooru ń gbà jáde, sí ọwọ́ Màmá.

Kò pẹ́, fíúsì já. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún já. Fíúsì ń sọ fún un pé ẹrù ti pọ̀ jù. Ẹ sì mọ ohun tí àwa máa ń ṣe fún fíúsì tó bá ń ṣàgídí. Gbádébọ̀ wá wáyà tó nípọn, ó ká a po, ó fi dípò fíúsì. Kò já mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló kù tó ń kérora lẹ́yìn ilé. Iná tó ń mú wá ti rẹlẹ̀. Ẹ́ẹ̀sì ń fẹ́ atẹ́gùn lásán, kò mú òtútù wá mọ́. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń jẹun lọ, ó ń mí ooru jáde.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wá wo òkú. Wọ́n kún yàrá bámúbámú, gbogbo wọn ń làágùn. Ni obìnrin kan nínú wọn bá figbe ta.

"Ẹ wo iwájú orí Màmá! Màmá ń làágùn! Òkú kì í làágùn!"

Òótọ́ ni, omi ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìgò omi tútù sínú ooru, ṣebí òun náà ń làágùn? Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti ìgò nígbà yẹn? Mosúnmọ́lá gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ó gbóná! Yéè, ọwọ́ Màmá mi gbóná!"

Olórí ẹgbẹ́ àdúrà fò sókè. "Ẹ ti fèrèsé! Ẹ tilẹ̀kùn! Kí ẹ̀mí tó padà wá má baà tún jáde!" Wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, yàrá wá di ààrò. Mosúnmọ́lá sáré lọ sí ilé ìdáná, ó po ẹ̀kọ mímu, torí ó ti pẹ́ tí Màmá ti jẹun. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń gbé e bọ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí títí dòní.

Gbádébọ̀ wọlé wá wo ibi tí fídíò dé. Ó rí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ tirẹ̀ síbẹ̀, ooru jó o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bu ẹ̀kọ sínú ṣíbí, ó ń gbé e lọ sí ẹnu òkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀," ó ní. "Kọ̀ǹpútà mi ló ń fẹ́ ooru sí Màmá lọ́wọ́."

Àdúrà dá. Ibẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ húkọ́, tó sì kú. Nígbà tí ariwo gbogbo lọ tán, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé imú kálukú, olórí ẹgbẹ́ àdúrà ló sì kọ́kọ́ rí ọ̀nà ìta. Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ, ó sunkún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹkún kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìyá Àkẹ́ ní kí wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n kan pósí pa, ẹnikẹ́ni ò rí ojú rẹ̀. Àwọn àlejò tó dé ní ọjọ́ Ẹtì, orí iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n bá.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Ìyá Àkẹ́ pe Gbádébọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Fídíò ọ̀hún ńkọ́?"

Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀. "Kò parí, Ìyá. Bó ṣe ń gbóná ló ń dín eré kù, títí iná fi lọ. Ti àtijọ́ yẹn ì bá ti parí."

"Ó jẹ epo ilé tán. Ó pa jẹnẹrétọ̀. Ó gba òtútù lára àbúrò mi. Ó fún Mosúnmọ́lá ní ìyá, ó tún gbà á padà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí o torí ẹ̀ rà á, kò ṣe é?"

"Kò ṣe é, Ìyá."

"Alágbára má mèrò," ni Ìyá Àkẹ́ wí, "baba ọ̀lẹ."

Àwọn kan nínú ẹbí ní kọ̀ǹpútà ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n kò sí kọ̀ǹpútà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Gbádébọ̀ nìkan ló dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, Mosúnmọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní kó dìde. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí pé: alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.