Práímà Kọ Ìkíni

Nínú yàrá ìtọ́jú eyín, Bàbá Káfíńtà fẹ̀yìn ti àga aláìsàn, ó di adé eyín iwájú rẹ̀, ìbòrí tí wọ́n fi ń dé kùkùté eyín, mọ́ inú áńkáṣíìfù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ káfíńtà yóò dìbò yan alága. Dókítà tó dúró tì í ni ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí eyín yìí bá tún bọ́ lójú ẹgbẹ́, òun ni gbogbo ẹbí ọkọ máa dá lẹ́bi.

"Ẹni tí à ń jọ du ipò yẹn ò lọ́rọ̀ lẹ́nu," ni Bàbá wí, "àmọ́ eyín rẹ̀ pé. Àná ni tèmi bọ́. Mo fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tí mo mu tíì tán, mo bá a nísàlẹ̀ ife."

"Gọ́ọ̀mù igi ò mọ eyín, Bàámi."

"Gọ́ọ̀mù wo ló ń mọ nǹkan? Oríṣi kan náà ni mo ń lò láti ìgbà èwe mi. Àga tí mo fi ta yín lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó ńkọ́? Ṣé ó wà dáadáa?"

Dókítà kọjú sí àwo irinṣẹ́ rẹ̀. "Àga wà nílé, sà."

"Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

"Òótọ́ ni, sà."

Ó fọ adé eyín náà, ó nù ún gbẹ, ó sì mú ìgò kékeré kan.

"Kí nìyẹn?"

"Práímà ni, sà. Òun la máa kọ́kọ́ pa kí sìmẹ́ńtì tó dé."

"Ṣé ògiri lẹnu mi ni? Sìmẹ́ńtì tó bá dáa ò nílò alárinà."

"Ó nílò rẹ̀, sà. Práímà ló ń mú eyín àti sìmẹ́ńtì mọra wọn, òun náà ló ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tètè le. Àmọ́ bí itọ́ bá kàn án, alárinà ti sá lọ nìyẹn."

Bàbá nawọ́ sí ìgò mìíràn. "Pa tibẹ̀ yẹn náà mọ́ ọn. Bí wọ́n bá pé méjì, agbára wọn á pọ̀ sí i."

"Ti sìmẹ́ńtì mìíràn nìyẹn, sà. Ásíìdì inú rẹ̀ pọ̀ jù fún èyí. Bí wọ́n bá pàdé, sìmẹ́ńtì ò ní le. Á kàn rọ̀ síbẹ̀ bí òrí."

Bàbá gbà, ó la ẹnu. Dókítà pa práímà sára kùkùté eyín rẹ̀, ó ń dúró kó gbẹ. Ó rí i tí àgbà ọkùnrin náà ń làágùn, àánú sì ṣe é.

"Ẹ kú ìfaradà, sà."

"Òo, o ṣeun, ọmọ mi."

Ahọ́n Bàbá ti gbá kùkùté náà mọ́ tónítóní. Dókítà mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ Bàbá pé kó má dá òun lóhùn mọ́. Bàbá ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ìkíni ẹnìkan ò bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun rí. Ó tún la ẹnu. Bí práímà ṣe kan kùkùté eyín, Bàbá ta gìrì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"O ò jẹ̀bi, ìyàwó."

Nígbà kẹta, Dókítà di ahọ́n ara rẹ̀ mú. Ojú tì í, nítorí wọn ò kọ́ ọ nílé pé kéèyàn máa wo bàbá ọkọ bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Práímà gbẹ. Ó fi sìmẹ́ńtì sínú adé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń retí. Sìmẹ́ńtì le.

Bàbá fi eyín kan eyín. Ó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tó fẹ́ fi kí ẹgbẹ́, ó tún un sọ kíkankíkan. Eyín ò mira. Inú Dókítà dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Eyín dúró, mo dúpẹ́. Nǹkan kan ló dùn mí. Mo jókòó síbí títí, ìyàwó ọmọ mi ń wò mí, kò lè kí mi kú ìjókòó."

Dókítà bọ́ ìbọ̀wọ́, ó kúnlẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹ má bínú, Bàámi. Ó ti kúrò lẹ́nu mi ni. Látọjọ́ tí àga tẹ́ ẹ fi ta wá lọ́rẹ ti tú, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kejì kú ìjókòó nílé wa mọ́."