Iyọ̀ Tí Àwa Mẹ́ta Bù Sí Oúnjẹ Màlúù

Ọjọ́ Sátidé kan wà nínú ayé mi tó kọ̀ tí kò lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún, mo ti sin òbí mi méjèèjì, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ igbe màlúù lójú ọ̀nà báyìí, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo ti dákẹ́ títí, àwọn tó yẹ kí ojú tì sì ń sọ ìtàn náà kiri bó ṣe wù wọ́n. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí ọdún 1980 wọlé, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó. Mo ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí mi ò ní polówó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n kó wa wá sí oko ìjọba kan lẹ́yìn Òkè-Ìlá ní Adó, wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní akọ màlúù mẹ́ta tó rù kan egungun. Oṣù mẹ́ta ni a ó fi bọ́ wọn lójú kan náà, láìjẹ́ kí wọ́n jẹ̀ kiri. Wọ́n wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sì tún wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ẹgbẹ́ tí màlúù rẹ̀ bá sanra jù ló borí.

Èmi nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Olùkọ́ àgbà wa, ọkùnrin kan tó máa ń fi bíró gbá eyín iwájú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, màlúù kì í ṣe ẹran obìnrin. Bí ẹgbẹ́ rẹ bá borí, màá kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀ka màlúù. Bí kò bá borí, adìyẹ ń dúró dè ọ́." Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin kankan nínú wọn. Èmi náà sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé, sà." Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn, kí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá wa létí.

Àwa mẹ́ta la wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bánkọ́lé ni olórí. Ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìyìn ni, ó sì máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ayé ni kíláàsì bàbá rẹ̀. Ẹnì kejì ni Adéoyè, tó ní kí a máa pe òun ní Dókítà nígbà tó ṣì ku ọdún kan àbọ̀ kó di dókítà. Yóò jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, yóò máa kàwé nípa màlúù, yóò sì kọ ẹ̀yìn sí màlúù. Ta wá ni yóò máa kó ìgbẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìgbẹ́mọ la ti lọ kó èérí ìrẹsì, ìyẹn eèpo tí wọ́n gún kúrò lára rẹ̀, tí a fi ń bọ́ wọn. Bánkọ́lé jókòó níwájú ọkọ̀ torí òun ni olórí. Dókítà jókòó tì í torí pé eruku kì í bá a lára mu. Èmi ni mo gun orí àpò lẹ́yìn, pẹ̀lú kóòtù funfun tí mo fi ń yangàn. Nígbà tí a fi máa padà dé Adó, afẹ́fẹ́ ti da èérí sí mi lórí, sí mi létí, sínú aṣọ. Mo yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òkè-Ìlá láti lọ wẹ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìjọ wọn ni wọ́n sì ti sọ fún pé ọmọ àwọn ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Wọn kò sọ pé dókítà màlúù ni. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ta lẹ ń wá?"

Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ nínú oko yẹn ni Bàbá Músá, Fúlàní tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọgbà. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fa màlúù. Ojoojúmọ́ ló máa ń sọ ọ́: "Àǹtí, má wé okùn mọ́ ọwọ́. Màlúù kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀." Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo ti ka ìwé, àbí kí lẹ rò?

Ká má parọ́, màlúù wa sanra. Èyí tó tóbi jù, mo sọ ọ́ ní Olóyè, torí pé kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo yọjú sí ọgbà ẹgbẹ́ kejì, mo rí i pé tiwọn sanra tó tiwa. Mi ò lè sùn mọ́. Bí mo bá ti pajú dé, adìyẹ ni mò ń rí.

Ọgbọ́n kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ti dé ọjà màlúù rí mọ̀. Bí o bá bu iyọ̀ sí oúnjẹ màlúù, òùngbẹ á gbẹ ẹ́, á mu omi bí àgbá, ikùn rẹ̀ á sì tẹ̀wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ìwà àwọn oníṣòwò ni, kì í ṣe ìwà akẹ́kọ̀ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìwọ̀n, mo bu iyọ̀ agolo mílíìkì kan sínú ọpọ́n màlúù kọ̀ọ̀kan, mo pò ó mọ́ èérí, mo sì fi aṣọ nu ọwọ́. Mi ò sọ fún Bánkọ́lé, torí pé yóò ní òun ló ronú ẹ̀. Mi ò sọ fún Dókítà, torí pé yóò fẹ́ kọ́kọ́ wá a nínú ìwé.

Nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ àgbà pe gbogbo wa jọ. Ó gbá eyín rẹ̀. Ó ní, "Mo mọ ọgbọ́n àwọn oníṣòwò màlúù. Nítorí náà, a ó gbé omi kúrò níwájú gbogbo ẹran báyìí, títí a ó fi wọ̀n wọ́n tán lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ rèé, ní sáà tó kọjá, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé iyọ̀ láìsí omi máa ń da ọpọlọ màlúù rú, àti pé bí wọ́n bá tún fún un lómi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìyẹn, ó lè ṣubú kó kú. Mo gba máàkì tó dára lórí ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti sọ níbẹ̀ yẹn. Mo ronú kan adìyẹ, mo sì pa ẹnu mi dé. Mo wo Bánkọ́lé, òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo wo Dókítà, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo rò pé ẹ̀wà ọ̀sán ni kò bá wọn lára mu.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn màlúù wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lá ìrì lára páànù ọgbà. Tàwọn ẹgbẹ́ yòókù jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Bàbá Músá ní, "Àǹtí, ara ẹran yìí kò dá." Mo ní ó máa dá. A mú wọn jáde lọ síbi òṣùwọ̀n, kálukú fa ọ̀kan, èmi fa Olóyè. Ọwọ́ mi ń làágùn, okùn ń yọ̀, ni mo bá wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ ní ìlọ́po méjì.

Olóyè gbé imú sókè. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti Òkè-Ìlá, ó sì gbọ́ òórùn omi níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń sáré. Lẹ́yìn náà mò ń fò. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ni mò ń wọ́. A gba inú oko ẹ̀gẹ́ ẹnì kan kọjá, ebè kan lẹ́yìn òmíràn, bàtà òjò mi kan sì kù síbẹ̀. Nígbà tí a wọ ìlú, bàbá kan dúró lẹ́nu ilé rẹ̀, ó ń run pákò. Ó wo màlúù, ó wò mí nílẹ̀, ó yọ pákò lẹ́nu, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Àṣà burúkú le.

Nínú gbogbo agboolé tó wà ní Òkè-Ìlá, ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Olóyè yà sí. Àwọn àti ìyá ìjọ méjì ń fọ aṣọ akọrin tí wọn yóò wọ̀ síbi ìkórè lọ́jọ́ kejì. Ọpọ́n ńlá mẹ́ta ló wà nílẹ̀, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún sítáàṣì, ọ̀kan fún búlúù. Olóyè kò yan ọ̀kan ju èkejì lọ. Ó ti orí bọ ti búlúù, ó gbé e mì, ó sún sí sítáàṣì. Àwọn ìyá ìjọ ti wà nínú yàrá, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò sá. Bí inú bá bí wọn gidi, Èkìtì ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n wò mí nílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé uṣẹ́ tí a ní o lọ kọ́ ní ulé ùwé rè é?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìdáhùn mi nínú ìdánwò. Mo rí Olóyè tó ń kọjú sí ọpọ́n omi, èyí tó tóbi jù. Bí ó bá mu ún tán, kò sí màlúù tó lè bá a dù lórí òṣùwọ̀n, ẹ̀ka màlúù sì di tèmi. Bí ó bá mu ún tán, ó lè kú kó tó dé òṣùwọ̀n. Mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà ta ọpọ́n omi náà dànù, mo da sítáàṣì lé e. Kì í ṣe ìwà mímọ́ o. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Màlúù ya wèrè, mo gbà. Ìwọ ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. A so ó mọ́ igi ọsàn. Wọn kò bi mí ní ọ̀rọ̀ méjì mọ́. Wọ́n mú abọ́ kékeré, wọ́n ń bu omi fún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kejì sọ ọ́: "Ó tó. Dúró. Mo ní kí o dúró." Olóyè, tí kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni, dúró.

Ọ̀sán ti ń pọ́n nígbà tí mo fà á padà dé oko. Ẹnu rẹ̀ ti di aláwọ̀ búlúù, irùngbọ̀n sítáàṣì ti gan mọ́ ọn lágbọ̀n, èmi náà sì ń tiro lórí bàtà kan. Màlúù Bánkọ́lé àti ti Dókítà ti já lọ sí odò, wọ́n mu àmuyó, wọ́n sì ti kó wọn padà. Ọ̀kan ń yí po lójú kan. Èkejì fi iwájú orí ti ògiri ọ́fíìsì bí ẹni tó ń ronú. Dókítà ń ṣí ìwé kiri láti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Olùkọ́ àgbà ti ìka bọ ọpọ́n oúnjẹ màlúù wa, ó tọ́ ọ wò. "Ta ló fún ẹran wọ̀nyí níyọ̀?"

Kí n tó la ẹnu, Bánkọ́lé ti já a gbà mọ́ mi lẹ́nu. "Sà, obìnrin yìí ló máa ń pò oúnjẹ."

Bàbá Músá gbọ́, ó sì dáhùn láìní ibi kankan lọ́kàn. "Àǹtí wá bu tiẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá Bánkọ́lé wá bu tiẹ̀ lọ́sàn-án. Dókítà wá kó tó di aago mẹ́rin, tiẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo rò pé ẹ jọ sọ ọ́ ni."

A wo ara wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, orí mẹ́ta, iyọ̀ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó fọkàn tán ẹnìkejì débi tí yóò fi bá a jẹ́wọ́ ìwà ìrẹ́jẹ.

Èmi ni mo sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún àwọn màlúù méjì yẹn. Èmi ni mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ara wọn ti yá. Wọ́n lé ẹgbẹ́ wa kúrò nínú ìdíje, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ mi sí ẹ̀ka adìyẹ. Wọ́n kọ ti Bánkọ́lé àti Dókítà sí ẹ̀ka màlúù, torí pé, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbà ṣe wí, ọkùnrin a máa kọ́gbọ́n nínú àṣìṣe. Ẹ ṣé, sà. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi wo ọ̀fun adìyẹ.

Ǹ bá má sọ ọ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣe ìpàdé láìpẹ́ yìí, Bánkọ́lé tó ti di ẹni ńlá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn, òun kò ní dárúkọ rẹ̀, bu iyọ̀ fún màlúù, màlúù sì wọ́ ọ kiri Adó. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà ló rẹ́rìn-ín jù. Mo wò ó títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ẹgbẹ́ tí kálukú bá ti ń dá ọgbọ́n lábẹ́lẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà wò, òun ló máa ń rí gbogbo wọn. Àti pé kí ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́. Ní oṣù tó kọjá, dókítà èèyàn sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n jáwọ́ nínú iyọ̀. Ó rò pé n óò jiyàn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó má ṣèyọnu, ìpín tèmi ti wà nínú ọpọ́n Olóyè láti ọjọ́ pípẹ́.