Oyè Gírámà Nílẹ̀ Òkèèrè

Ẹ jẹ́ n sọ ti Gírámà fún yín kí n tó gbàgbé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Àtìgbà tó ti wà nílé ìwé ló ti ń da gírámà bolẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi dáhùn á gùn débi pé oúnjẹ á ti tutù kó tó parí ẹ̀. Tó bá ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Tó bá wá ń bẹ̀ ẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tó le ju ti ìjà lọ ni, ìyàwó á ní òun ti gbà, òun ti gbà, kó ṣáà dákẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó gbà á pé kó wá máa bá àwọn yàwòrán ẹ̀rọ tó ń rọ omi sínú ìgò. Iṣẹ́ yẹn, ká sòótọ́, ó mọ̀ ọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò, ó sì da gírámà bò wọ́n títí wọ́n fi ní ó tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Àgbà, nìkan ló ní ìbéèrè.

"Ìwọ, mo gbọ́ pé èdè tiwọn ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ yẹn ń sọ o."

"Òyìnbó wo ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá?" Gírámà rẹ́rìn-ín. "Tí wọn ò bá tiẹ̀ gbọ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ tèmi, àwọn fúnra wọn á lọ kọ́ ọ."

Ó dọ̀hún, òun àti ìyàwó rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n débẹ̀ ni wọ́n bí ìbejì, ìyá ìyàwó sì wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Gbogbo wọn há sínú yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, aṣọ ìbejì lórí àga, ìgò tí ìbejì fi ń mu wàrà lórí tẹlifíṣàn.

Nǹkan kan wà nínú lẹ́tà iṣẹ́ yẹn tí kì í jẹ́ kọ́kàn ìyàwó rẹ̀ balẹ̀: oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ fi dán an wò ni. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tìyá tọmọ ni yóò di ẹrù wọn padà sílé. Ilé iṣẹ́ tún ní kíláàsì èdè ìlú wà lọ́fẹ̀ẹ́, fún òun àti ará ilé ẹ̀ tó bá fẹ́.

"Èmi?" ni Gírámà wí. "Kí n lọ jókòó máa ka a, b, d bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Ẹ má bú mi!"

Màmá ìyàwó ló lọ. Màmá tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò ju "tẹ́ńkíù" lọ! Àbí kí ni kó ṣe? Kò ní Gẹ̀ẹ́sì tó máa fara tì. Ìwé kíkà ò wọ̀ ọ́ lórí o, ẹnu ló fi gbà á. Èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu oníbúrẹ́dì, á lọ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó ń wọn àwọn ìbejì. Èyí tó bá gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, á gbé e padà fún oníbúrẹ́dì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí òun àti ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ ilé ti jọ ń sọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò lẹ́yìn.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oṣù mẹ́fà pé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín kan báyìí, gbé pákó pẹlẹbẹ kan wá sórí tábìlì Gírámà. Pákó náà ń dán gbinrin. Wọ́n kun etí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, wọ́n so ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn, wọ́n sì kọ nǹkan sí i gàdàgbà ní èdè wọn. Obìnrin náà ṣàlàyé títí. Ó nawọ́ sí pákó, ó nawọ́ sí Gírámà, ó nawọ́ sí ilé ìdáná kékeré tí wọ́n ti ń po tíì.

Gírámà ò gbọ́ ẹyọ kan. Ṣé kó wá sọ pé òun ò gbọ́ ni? Gírámà? Ká má rí i!

Ó dìde, ó tún táì ṣe, ó bú sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo tíṣà tó kọ́ ọ láti kékeré. Ó ní oyè òṣìṣẹ́ tó pegedé jù lọ yìí, òun ò ní fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́tàlélógún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn ò kọjá ti bọ́ọ̀tì àti páìpù. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rí i pé inú ẹ̀ dùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó gbé pákó relé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Bàbá Ìbejì?" Màmá béèrè.

"Háà, Màmá! Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Tí a bá ní ká tú u, á dín kù."

Ó wọ kóòtù, ó ya fọ́tò pẹ̀lú pákó láyà, ó fi ránṣẹ́ sílé. Bàbá Àgbà ò bá wọn ṣeré rárá. Ó ní kí wọ́n tẹ àwòrán náà sórí ọ̀pá aṣọ méjì, kí wọ́n ta á sẹ́nu géètì agbo ilé, kí àwọn alátakò rí i.

Lọ́ọ́fíìsì, nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Kọ́ọ̀bù tíì ń kún síǹkì. Ní Tọ́sìdeè, wọ́n ti gorí ara wọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ṣíbí ò sí mọ́, bírò ni Gírámà fi ń ro tíì. Àwọn èèyàn á wo síǹkì, wọ́n á wo Gírámà, wọ́n á mí kanlẹ̀. Ó rò pé wọ́n ń fẹjọ́ sun ẹni ńlá ni. Inú bí i gidi. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀gá pátápátá, ojú ìwé méjì gbáko! Ó ní ìwà ọ̀bùn yìí ń ba òun nínú jẹ́. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ ilé ìdáná wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀lẹ paraku ni, kò yẹ láàárín ọmọlúwàbí, kí ọ̀gá lé e dànù kíá láìwo ojú ìyàwó tàbí ọmọ.

Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tú u sí èdè wọn fún akọ̀wé. Ọkùnrin yìí ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n lé òun! Ṣé ara ẹ̀ le báyìí?

Bí akọ̀wé ṣe kan ilẹ̀kùn wọn lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké méjì fún àwọn ìbejì. Ó wọlé, ó rí pákó lára ògiri, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ló bá kọjú sí Màmá, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èdè jáde wìtìwìtì. Gírámà ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tún ìró ró lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó. Ó ní ọwọ́ ẹni tí pákó yìí bá wà, òun ló ń fọ kọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó máa gbé e fún ẹlòmíì. Ó ní ẹ̀yin gbé e wálé ni, kò wá sí pákó tí wọ́n máa gbé fún ẹlòmíì."

Gírámà la ẹnu. Ó lọ yọ pákó kúrò lára ògiri.

"Ó tún ní lẹ́tà kan wà tẹ́ ẹ kọ." Màmá nu omi ẹ̀rín lójú. "Ó ní ta lẹ ní kí wọ́n lé?"

Yéè! Ìyàwó rẹ̀ gbé ìbejì kan mọ́ àyà, ó bú sẹ́kún. "Ọ̀sẹ̀ kan ló kù! Gẹ̀ẹ́sì ẹ ti lé wa dànù!"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Gírámà ti káwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ dé ìgúnpá. Kọ́ọ̀bù mọ́kànléláàádọ́rin, mo ní mọ́kànléláàádọ́rin! Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti wá bá a, lẹ́tà ojú ìwé méjì lọ́wọ́.

"O ní kí n lé ọ̀lẹ yìí kíá," ni ọ̀gá fi Gẹ̀ẹ́sì wí. "Ṣé ohun tó o ṣì fẹ́ nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Gẹ̀ẹ́sì tó kúrú jù tó sọ láti ọjọ́ tó ti dáyé nìyẹn, òun sì ni ọ̀gá kọ́kọ́ gbọ́ délẹ̀.

Ọ̀gá fa lẹ́tà ya. Ó ní àwòrán ẹ̀rọ tí ọ̀lẹ náà ń yà dára, òun á fi í sílẹ̀ síṣẹ́. Àmọ́ kó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì èdè lọ́la, kó má pa ọjọ́ kankan jẹ. Nígbà tí ìyàwó gbọ́, ó wólẹ̀ dúpẹ́, ó tún rántí bínú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù dún. Bàbá Àgbà ni.

"Ọmọ mi àtàtà! Aṣọ ti wà ní géètì o, ó bo ògiri látòkè délẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí la kọ sára pákó yẹn. Tú u fún wa, ká kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà."

Gírámà wo fóònù. Ó wo òkè àjà. Màmá na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ní òun ni ẹni tí gbogbo ọ́fíìsì ń retí."

Wọ́n hó yèè lọ́hùn-ún, ìyá kan ń kọrin. Gírámà mí kanlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá ìyàwó rẹ̀.

Màmá gbé fóònù sílẹ̀, ó kó ìgò ìbejì mẹ́fà tí wọn ò tíì fọ̀ lé e lọ́wọ́.

"Ẹ dìde, àna mi. Àwa náà ń retí yín."