Tsung-yao àti Ìpanu Ẹ̀rọ

Ẹnu Tsung-yao kò ní ilẹ̀kùn. Bí ó bá tiẹ̀ ní in, ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mì láti kékeré. Oṣù méjì péré ló tíì lò ní ilé ìwádìí eku ní ìlú Tainan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu, ẹ ó rò pé òun ló gbẹ̀bí eku àkọ́kọ́ láyé.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí òòfà ńlá wà nínú ikùn rẹ̀. Wọn á ki eku sínú ọ̀pá oníke, wọn á ti ọ̀pá náà bọ ihò ẹ̀rọ, kó tó pé ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀rọ á ti sọ bí ọ̀rá, ẹran àti omi ara eku ṣe tó, eku náà á sì jáde láàyè. Orí ẹ̀rọ yìí ni àpò ìpanu àgbàdo kan máa ń jókòó sí, aláwọ̀ ewé. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹ́. Òun ni wọ́n fi ń bẹ ẹ̀rọ kó máa gbọ́ràn.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lai kéde pé tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun yóò fa kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lé ẹnì kan lọ́wọ́: bóyá Tsung-yao, bóyá Yi-jung, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ju ti eku lọ.

"Ẹ̀gbọ́n Yi-jung, ẹ kú ìfaradà o," ni Tsung-yao wí. "Ẹ má sunkún lọ́jọ́ Ẹtì." Ó na apá sókè, ẹ̀gbà ọwọ́ dúdú kan sì ń dán níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là Taiwan ló fi rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó ọjà lórí tẹlifíṣọ̀n. "Òòfà ìlera nìyí! Ó ń lé ọ̀rá bí ẹni lé adìyẹ!"

"Apẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà," ni Yi-jung fèsì. "Aago, òrùka, kọ́kọ́rọ́, gbogbo ohun tó bá ti jẹ́ irin, ibẹ̀ là ń kó o sí."

"Irin lẹ wí. Ìlera lèyí!" Ó fa apá aṣọ bò ó, ó wọ yàrá ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó gbé òòfà wá kí òòfà nílé!

Kò tíì jókòó tó fi rí ìpanu. "Áà! Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì lẹ̀ ń bọ ìpanu?" Ó já a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, kàrà, kàrà, kàrà. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí A-hsia tó ń fọ àgò eku.

"Tsung-yao! O jẹ oúnjẹ ẹ̀rọ?"

"Ó dùn, Àǹtí. Iyọ̀ ló kù díẹ̀ káàtó."

Ẹni tí kò bá dákẹ́, ẹ̀rọ á bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Tsung-yao ti eku kejìlá bọ inú ihò. Èyí ni eku tó sanra jù, ikùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀rọ ní ọ̀rá rẹ̀ fi gíráàmù mẹ́rin dín sí òfo. Dípò kí ojú tì í, ó sáré lọ pe ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá! Mo ti rí eku tó jẹ ayé ní gbèsè ọ̀rá! Ọwọ́ mi ni, Ọ̀gá, ọwọ́ mi!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lai wo eku tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Èyí tó rí roboto bíi búrẹ́dì yìí?"

Yi-jung tún un wọ̀n. Gíráàmù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ọjọ́rú, Tsung-yao wọn eku tín-ín-rín kan tí kò ju gíráàmù ogún lọ. Ẹ̀rọ ní ó gbé ọ̀rá gíráàmù mẹ́tàlélógún. "Ṣé ó fi ìyókù ara sílé ni?" ni Àǹtí A-hsia béèrè.

Bí Yi-jung bá wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni. Bí Tsung-yao bá wọ̀n ọ́n, àlọ́ ni. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, oorun kò kùn ún. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè fà á: ẹ̀rọ ń bínú. Òun lòun jẹ oúnjẹ rẹ̀!

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ ra ìrẹsì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀, Tsung-yao ọmọ sáyẹ́ǹsì gbé odidi páálí ìpanu wọlé, àpò mẹ́rìnlélógún, aláwọ̀ ewé gbogbo rẹ̀. Ó tò wọ́n yí ẹ̀rọ ká. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba.

"Ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ebi ló ń pa mí. Ọmọdé ò mọ̀ ọ́n." Ó tún tẹrí ba. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó na ọwọ́ láti rọra fọwọ́ kan ẹnu ihò ẹ̀rọ. Gbàá! Ẹ̀gbà lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò. Ó fà á, kò wá. Ìgbéraga ní í ṣáájú ìfọwọ́há.

"Yéè! Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ń lọ! Mi ò ní jẹ ẹ́ mọ́ láéláé!"

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lai, Yi-jung àti Àǹtí A-hsia dúró lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ ọwọ́ wọn ti ń tutù.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ló dì mí mú. Ó dá mi mọ̀!"

Yi-jung sún mọ́ ọn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo ẹ̀gbà náà, òòfà tó ti ń da ìṣirò ẹ̀rọ rú. "Rárá o, Ọ̀gá," ó ní jẹ́jẹ́. "Ìlera ló dì í mú."

Ọṣẹ ìfọ-àgò ni Àǹtí A-hsia fi yọ ọwọ́ rẹ̀. Kí ọwọ́ ọ̀hún tó gbẹ, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sápò Yi-jung.

Nígbà tí Tsung-yao dé lọ́jọ́ Ajé, ó bá àpò ìpanu aláwọ̀ ewé kan lórí tábìlì rẹ̀.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Ọ̀gá ni," Àǹtí A-hsia dáhùn. "Ó ní o ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ohun tí kì í bá gbọ́ràn níbí là ń gbé e kà."

Tsung-yao la ẹnu, ó wo ìpanu, ó pa ẹnu dé. Ó hàn gbangba pé ìpanu náà ń ṣiṣẹ́: kò fọhùn títí di ìrọ̀lẹ́.