Ààrò Àbúrò àti Ahọ́n Atọ́wò

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá. Òórùn búrẹ́dì ló ṣáájú olùpẹ̀jọ́ wọlé. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà. Kálukú ló ní ààrò tirẹ̀, àmọ́ orúkọ bàbá wọn tó ti kú ni wọ́n jọ fi ń ta búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin, ní kí Baálẹ̀ bá òun wó ààrò àbúrò òun, pé búrẹ́dì rẹ̀ tí kì í wú ń ba orúkọ bàbá àwọn jẹ́. Bẹ́ẹ̀, ààrò yẹn nìkan ni obìnrin náà fi ń tọ́ ọmọ.

Baálẹ̀ bi àbúrò pé, "Ìyá ọmọ, kí ló dé tí búrẹ́dì rẹ kì í wú?"

"Baba, ó ń wú. Ojú ló máa ń tì í tó bá rí àlejò."

Àwọn ìjòyè fọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n pe ẹlẹ́rìí, atọ́wò kan tó ní ahọ́n òun kì í ṣìnà. Ó tọ́ ti ẹ̀gbọ́n wò, ó ní oyin ni. Ó tọ́ ti àbúrò wò, ó tu ú dànù.

Mo mọ Baálẹ̀ yìí láti kékeré. Tó bá ti ń họ irùngbọ̀n, ẹnìkan ti wọ gàù. Ó họ ọ́, ó ní kí wọ́n di atọ́wò lójú. Búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló gé, ó ń fi lé e lọ́wọ́.

"Èyí ńkọ́?"

"Oyin."

"Èyí?"

"Ó sàn díẹ̀."

"Èyí tó kù?"

"Ti obìnrin yẹn nìyí. Ajá ò ní jẹ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, tèmi mà ni gbogbo rẹ̀."

Wọ́n to búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n yòókù kalẹ̀: ọ̀kan jóná, ìkejì funfun bí ẹni tí kò rí iná rí.

Ọ̀tún ní òṣùwọ̀n búrẹ́dì gidi kò sí láàfin. Baálẹ̀ ní, "A ó so ọ̀pá ìwọ̀n tiwa pọ̀ nìyẹn. Ẹ so ségesège ẹnu atọ́wò mọ́ ségesège búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n, kí ẹ wá gbé ìyàtọ̀ tó wà láàárín búrẹ́dì ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò tì í. Èwo ló gùn?"

Ọ̀tún ní, "Ọ̀pá yín ló gùn, Baba. Àmọ́ kò ṣe déédéé."

"Ó súnmọ́ ọn. Ẹ̀wù àyálò náà ń bo ìhòòhò."

Ó wá dájọ́: "A kò ní wó ààrò. Ọ̀pá tó ń mì kì í wọn ògiri, kó ní ògiri ló ń mì. Atọ́wò á máa jẹ búrẹ́dì àbúrò láràárọ̀, pẹ̀lú ojú dídì, títí ahọ́n rẹ̀ á fi sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Ẹ̀gbọ́n ni yóò máa rà á fún un."

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ààrò àbúrò kọjá láàárọ̀ yìí. Atọ́wò ní oyin ni. Ó tún bù jẹ, ó ní òkúta.

Ẹ̀gbọ́n tún ki ọwọ́ bọ àpò.