Àwo Orin Tó Pè Mí Lólódo

Ọjọ́ kan ń bẹ tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Jẹ́dà, atẹ́gùn òkun gbóná bí ooru ẹnu ìkòkò, aṣọ tí mo sá kọ̀ kò gbẹ. Aṣọ fífọ̀ nílé òyìnbó kan ni iṣẹ́ mi nígbà náà, nígbà tí orin rọ́kẹ́ńróòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Amẹ́ríkà dé. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ èmi àtọmọ mi. N kò níwèé ìgbélùú tí mo lè fi wá òmíràn.

Ìyàwó òyìnbó gbé àwo tuntun sórí giramafóònù. Jìtá ń han, ni ọkùnrin kan bá figbe ta: "Olódo, olódo, olódo!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Èmi nìkan ló wà nídìí ọpọ́n. Lóòótọ́, n kò kàwé kọjá ilé kéwú, ṣùgbọ́n ta ló ròyìn mi dé Amẹ́ríkà? Mo ṣe sùúrù. Obìnrin yìí tún un gbé sí i, ó ń mi ìdí sí i. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo wọlé tọṣẹ tọṣẹ, mo yọ àwo náà, mo tì í bọ inú omi aṣọ.

Kúùkù ilé náà, bàbá ará Ìlọrin, sáré dé. "Àlàájà, kí lẹ ṣe yìí? Ọlọ́run lọkùnrin yẹn ń ké pè. 'O Lọ́ọ̀dù o' ló ń wí."

"Àlàájì, Ọlọ́run wo ni wọ́n ń mi ìdí pè?"

Ìyàwó òyìnbó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún mi. Mo gbé ìbínú mi wọkọ̀ lọ sílé wa ní Misfálà, ní Mẹ́kà. Mo rojọ́ fáwọn obìnrin àgbàlá, wọ́n ní àwo kì í bú èèyàn. Ni mo bá dìde, mo kọ ọ́ fún wọn tọwọ́ tẹsẹ̀, kí wọ́n lè dá ẹjọ́ náà bó ṣe tọ́. Wọ́n dá mi láre. Àṣé àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti ń kọ olódo, àwọn ọmọ tá a máa fi Yorùbá pè tí wọn ò ní fi dáhùn. Mo ní kí ọmọbìnrin mi panu mọ́. Ó fi Lárúbáwá bi mí pé ta ló kọ́ àwọn.

Òyìnbó ló gbé orin náà dé Jẹ́dà. Èmi ni mo gbé e wọ ìlú mímọ́. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó bá fẹ́ kí èébú kú, kó má fi kọrin.

Lọ́jọ́ kejì, mo padà lọ bẹ obìnrin náà. Ó ti nu àwo rẹ̀ gbẹ. Ó ní kí kúùkù sọ fún mi pé bí mo bá lè gbọ́ ọ tán láìbínú, kí n máa báṣẹ́ mi lọ. Ó gbé e sí i. Kò bàjẹ́ rárá; ó pè mí lólódo bíi tàná. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọpọ́n, mo ń fọṣọ. Ìgbà tó yá ni mo rí kúùkù tó fọwọ́ bo ẹnu: ìdí mi ti ń bá orin náà lọ. Ni ẹ̀rín tèmi náà bá bọ́ sínú ọṣẹ.